Àpótí Tí A Kọ Iṣẹ́ Sí

Òjò ló lé wa dé ìdí fọ́ọ̀mù orí fóònù. Omi wọ ọ́fíìsì mọ́sálásí wa ní Festac, ó sì wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń kó fáìlì sí. Fọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé kéwú, fọ́ọ̀mù ìgbéyàwó, ìwé àwọn opó, ìwé orúkọ àwọn ará mọ́sálásí, gbogbo wọn lẹ̀ mọ́ra. Mo jókòó sílẹ̀, mò ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń sá wọn sórí ẹní ìkírun. Alága ilé kéwú wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Ẹ̀yà ara mọ́tò ni Alága ń tà ní Trade Fair, ọ̀rọ̀ mọ́tò ló sì fi ń sọ ohun gbogbo.

"Akọ̀wé," ó ní, "ẹ bá wa gbé gbogbo èyí sórí fóònù. Ẹni tó ń wá bọ́ńpà lọ́dọ̀ mi, orí fóònù ló ti ń wá a báyìí. Ẹ̀yin ṣì ń sá ìwé bí ẹni ń sá èlùbọ́."

Èmi ni akọ̀wé náà. Ilé kéwú yẹn ló kọ́ mi ní álífù kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ mi ní A. Bàbá mi, tó wá láti Ìsẹ́yìn, tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà, ló fà mí lé wọn lọ́wọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ohun tí mo dà lónìí, ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo sì ń dúpẹ́. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá géètì Raji Rasaki Estate, níbi tí mo ti ń bá àwọn ènìyàn tẹ̀wé, tí mo sì ń bá wọn kún fọ́ọ̀mù. Ìdí nìyẹn tí gbogbo mọ́sálásí fi gbà pé mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà gbà pé mo mọ̀ ọ́n.

Gbígba olùkọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tí a fẹ́ fi fọ́ọ̀mù tuntun náà ṣe. Ilé kéwú fẹ́ ṣí kíláàsì àárọ̀ fún àwọn obìnrin, wọ́n sì ń wá olùkọ́ kan ṣoṣo tí yóò máa gba owó oṣù. Ìgbìmọ̀ ní kí ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà kún fọ́ọ̀mù lórí fóònù fúnra rẹ̀, kó sì ti fi ránṣẹ́ kó tó di ìrun Jímọ́ọ̀ ọ̀sẹ̀ náà. Alága ló tẹnu mọ́ "fúnra rẹ̀" yẹn. Ó ní olùkọ́ tó ní kí ẹlòmíràn bá òun kún fọ́ọ̀mù dà bí dírẹ́bà tó ní kí ẹlòmíràn bá òun di sítíárìn mú.

Mo wá sọ́fítíwíà tí màá fi ṣe fọ́ọ̀mù náà. Kí n má purọ́, ojú ni mo fi yàn án. Èyí tó rẹwà jù ni mo mú. Mo fi àwọ̀ ewé kun ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi àwòrán bísímílà aláwọ̀ wúrà sí òkè, mo sì fi ìràwọ̀ pupa sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ibi tó pọn dandan. Mo wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ibi tí ẹ bá ti rí pupa, ẹ má fò ó." Alága wò ó lórí fóònù rẹ̀, ó pariwo: "Haa! Èyí kì í ṣe tòkúnbọ̀ o, tuntun látinú páálí ni!" Inú mi dùn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní ọjọ́ Ajé, ẹnì kan fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́ẹ̀mejì. Àǹtí Kéwú ni. Orúkọ tí gbogbo wa ń pè é nìyẹn. Nígbà tí mo ṣì wà láàárín àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé kéwú, òun ti wà lọ́dọ̀ àwọn àgbà. Kò tíì pé ogún ọdún nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́, ṣùgbọ́n gbogbo Kùránì ti wà lórí rẹ̀ kí ojú tó lọ, kò sì lọ pẹ̀lú ojú. Alákijà ló ń gbé. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló wọ̀ wá.

"Àbúrò mi," ó ní, kò tíì jókòó tán, "wọ́n ní ẹ ń wá olùkọ́. Olùkọ́ náà ti dé."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n bá yín kún un."

"Ṣebí wọ́n ní kéèyàn kún un fúnra ẹ̀?"

"Tiyín yàtọ̀, Àǹtí."

"Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni mi ò fẹ́." Ó yọ fóònù jáde lábẹ́ híjáàbù rẹ̀. "Tí ẹlòmíì bá bá mi kún un, ẹlòmíì ni wọ́n gbà. Fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́."

Ohun kan wà nínú fóònù rẹ̀ tó máa ń ka gbogbo nǹkan tí ìka rẹ̀ bá kàn jáde sókè. Ó ń pe ọ̀rọ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n kò mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́nu rẹ̀. Àǹtí ní ó ti mọ́ òun lára, bí ìkùnsínú ìyá ọkọ ṣe máa ń mọ́ ìyàwó lára.

Ó ṣí fọ́ọ̀mù mi tó rẹwà.

"Àwòrán," fóònù náà wí.

Ìka rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. "Àpótí ìkọ̀wé." Ó tún sọ̀ kalẹ̀. "Àpótí ìkọ̀wé. Àpótí ìkọ̀wé. Àpótí ìkọ̀wé."

Àǹtí gbé orí sókè. "Àbúrò, ṣé olùkọ́ lẹ ń wá ni àbí káfíńtà?"

Mo wo ojú fóònù náà. Orúkọ wà níbẹ̀, Àdúgbò wà níbẹ̀, mo rí wọn kedere. Ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà náà kò so ọ̀rọ̀ kankan mọ́ àpótí rẹ̀. Wọ́n kàn jókòó ti ara wọn bí èrò tí kò mọra rí. Ojú ló lè mọ̀ pé wọ́n jọ wá.

"Bísímílà ńkọ́?" ó bi mí. "Ẹ̀yin ọmọ ilé kéwú, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé láìsí bísímílà?"

"Ó wà lókè, Àǹtí. Wúrà ni mo fi kọ ọ́."

"Àwòrán ni mo gbọ́."

Èmi tí mo fi odidi ìrọ̀lẹ́ kan wá àwọ̀ wúrà tó yẹ orúkọ Ọlọ́run, mo ti fi orúkọ náà pamọ́ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n sórí jù mí lọ.

Kò tán síbẹ̀. Ó fi sùúrù kún àwọn àpótí náà, èmi ń sọ fún un èyí tó kàn. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, tó fẹ́ fi ránṣẹ́, àwòrán kéékèèké mẹ́sàn-án jáde. N kò mọ̀ pé sọ́fítíwíà náà ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Fóònù kà á jáde pé kó yan gbogbo àwòrán tí iná ojú títì wà níbẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ènìyàn ni.

"Kí wọ́n lè mọ kí ni?"

"Pé ènìyàn ni yín, Àǹtí."

"Tí mi ò bá rí iná, n kì í ṣe ènìyàn?"

Àǹtí pa fóònù náà, ó ní òun á padà wá, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Mo ń gbọ́ ìró ọ̀pá rẹ̀ títí tó fi dé ibi kẹ̀kẹ́.

Sọ́fítíwíà kejì ni mo gbé wá lọ́jọ́ kejì. Èyí máa ń ṣe fọ́ọ̀mù tó jọ ìwé gidi, téèyàn lè fi fóònù kún. Mo rí i dájú pé gbogbo àpótí ló ní orúkọ. Mo fi Orúkọ dá wà lókè, mo sì to ìyókù sí apá méjì kí ó má bàa gùn jù, ọjọ́ ìbí lósì, ìbúra lọ́tùn-ún. Àǹtí dé, ó gbọ́ "Orúkọ," inú wa dùn. Ìka rẹ̀ tẹ̀síwájú, fóònù ní, "Mo búra pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ."

"Mi ò tíì kọ nǹkan kan," ni Àǹtí wí. "Kí ni mò ń búra lé lórí?"

Ó tún tẹ̀síwájú, fóònù ní, "Ọjọ́ ìbí." Ọwọ́ mi ló fa èyí. Sọ́fítíwíà yìí ń ka àpótí bí mo ṣe gbé wọn kalẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, kò sì ka ibi tí wọ́n wà sí. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn kalẹ̀, tí mo ń bọ̀ wá sí òsì, bí ọwọ́ mi ṣe kọ́ ọ láti orí wàláà, pákó tí a fi ń kọ́ kéwú. Mo to fọ́ọ̀mù Yorùbá bí ẹni ń kọ kéwú, n kò sì mọ̀. Nígbà tí mo sọ fún Àǹtí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Wọ́n kọ́ ẹ dáadáa," ó ní. "Wọ́n kọ́ ẹ jù."

Alága pè mí sórí fóònù nígbà náà. Mo gbé e sí ohùn gbangba.

"Akọ̀wé, wọ́n ní ẹ ti ń ba fọ́ọ̀mù tó dára jẹ́ nítorí ẹnì kan. Ẹ bá obìnrin náà kún un, kó lọ sinmi. Ẹni tí wọ́n ń bá ti mọ́tò, kò yẹ kó máa pàṣẹ."

Àǹtí sún mọ́ fóònù. "Alága, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tí wọ́n ń bá ti mọ́tò, ṣé òun kọ́ ló ń di sítíárìn mú ni?"

Alága bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ti mú mi, Àǹtí. Ṣùgbọ́n Jímọ́ọ̀ ni Jímọ́ọ̀ o. N kò lè sún un."

Ní Ọjọ́rú, mo yí ọ̀nà tí mo fi ń wá sọ́fítíwíà padà. Mo tan ohun tó ń kàwé lórí fóònù tèmi náà, mo fi ìborùn di ojú ara mi nínú ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà kan wọlé, ó bi mí bóyá ara mi yá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo ti rí ọ̀kan. Kò lẹ́wà rárá. Funfun lásán ni, ìbéèrè kan ṣoṣo lójú ewé kan. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kọ̀ọ̀kan so mọ́ àpótí rẹ̀, téèyàn bá fo nǹkan ó máa ń fi ẹnu sọ ọ́ dípò kó kàn pọ́n lójú, kò sì bi ẹnikẹ́ni bóyá ènìyàn ni. Ó sì fún mi ní àyè láti fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán, kí ẹni tí kò rí i lè gbọ́ ọ. Mo tẹ bísímílà síbẹ̀ ní odindi.

Ó tún ní oore kan. Tí ènìyàn bá tẹ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, yóò kó ohun tí mọ́sálásí ti mọ̀ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀ jáde, kó má bàa tún un kọ. Mo rò pé èyí yóò dín wàhálà Àǹtí kù. Mo mú àwọn ìwé tí mo sá lórí ẹní, mo tẹ gbogbo wọn wọlé. Ìka mi ń tẹ lẹ́tà, ẹnu mi ń yin Ọlọ́run bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà, n kò fi ọkàn sí ohun tí mò ń tẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni Àǹtí padà wá. Ó ń gbààwẹ̀, bí ó ṣe máa ń gbà á ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ó ṣí fọ́ọ̀mù náà.

"Bísímílàhì Rahmáànì Rahíìm," fóònù wí, ní ohùn rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Àǹtí fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó padà sẹ́yìn, ó tún gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. "Kò pè é dáadáa," ó ní, "ṣùgbọ́n ó pè é." Mo sọ Alihamdulilahi nínú ọkàn mi. Mo rò pé iṣẹ́ mi ti parí.

Ó tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Fóònù pe orúkọ rẹ̀. "Èmi ni," ló fi dá a lóhùn. Fóònù ní Alákijà ni àdúgbò rẹ̀. "Ibẹ̀ ni." Ìka rẹ̀ kan ojú ewé tó tẹ̀lé e, fóònù náà pe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àǹtí rẹ́rìn-ín.

"Ṣé iṣẹ́ ló ń bi mí ni, àbí ìṣẹ́? Ohùn rẹ̀ ò yà wọ́n sọ́tọ̀."

"Iṣẹ́ ni, Àǹtí. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe."

Ìka rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú àpótí náà.

"Olùgba sàráà," fóònù wí.

Mo rò pé etí mi ló ṣì í gbọ́. Àǹtí padà sókè, ó tún sọ̀ kalẹ̀. "Olùgba sàráà." Ó gbé fóònù náà mọ́ etí rẹ̀, bí ẹni pé ó ń fi ohun kan pamọ́ fún mi, ó sì tún tẹ̀ ẹ́. "Olùgba sàráà."

"Ó ti dá ara rẹ̀ lóhùn," ó wí. "Ìṣẹ́ ló ń bi mí."

Mo ní àṣìṣe ni, sọ́fítíwíà ló ṣe é.

"Sọ́fítíwíà ò mọ̀ mí rí. Ta ló kọ ọ́?"

Fáìlì tí mo ti ń tẹ orúkọ wọlé wà lórí tábìlì mi. Mo ṣí i. Ìwé rẹ̀ ti gbẹ, etí rẹ̀ pọ́n níbi tí omi dé. Mo wá ìlà náà. Ẹni tó kọ ọ́ máa ń ká ìrù lẹ́tà "g" sókè bí ìrù ológbò. Kò sí ẹlòmíràn tó ń kọ "g" báyẹn ní gbogbo mọ́sálásí wa.

Ó wá sí mi lọ́kàn. Ààwẹ̀ Ramadan kan ni, ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. A ń kọ orúkọ àwọn ará mọ́sálásí sílẹ̀ nínú àgbàlá, èrò pọ̀, oòrùn mú. Àǹtí jókòó níwájú mi. Mo bi í ní orúkọ. Mo bi í ní àdúgbò. Mo bi í ní nọ́ńbà fóònù. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, mo gbé orí sókè, mo rí ojú rẹ̀, mo sì kọ ohun tí mo kọ. N kò bi í. Àánú ni mo pè é. Mo tilẹ̀ rò pé mo ṣe é lóore, kí ìrẹsì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kíákíá.

"Èmi ni, Àǹtí," mo wí.

Ó gbé fóònù náà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ṣírò.

"Ìrẹsì tí wọ́n ń gbé wá lọ́dọọdún. Mo máa ń sọ fún àwọn ará ilé pé, ẹ wò ó, ilé kéwú mi ò gbàgbé mi. Mo rò pé nítorí kéwú ni." Ó nu ojú rẹ̀. "Láti ìgbà tí ìwọ ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ wàláà ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní pálọ̀ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ pé mo lè kọ́ni. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn."

Mo mọ ìdí tí wọn kò fi dá a lóhùn. Nígbàkígbà tí ìgbìmọ̀ bá ń wá olùkọ́, èmi ni mo máa ń mú ìwé àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ olùkọ́ wá síwájú wọn. Tirẹ̀ wà nínú fáìlì kejì, ti àwọn olùgba sàráà. Ọwọ́ mi ló kó o síbẹ̀, ọwọ́ mi ló sì ń fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ foríjì mí, Àǹtí."

"Tí mo bá ní mi ò bínú, irọ́ ni," ó wí, "mo sì ń gbààwẹ̀ lónìí."

Mo pe Alága lójú rẹ̀, mo gbé fóònù sí ohùn gbangba. Mo ṣàlàyé. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ mọ̀ pé a kì í mú ẹni tó wà nínú ìwé sàráà sí ìwé owó oṣù. Ìgbìmọ̀ ò ní gbà."

"Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀, sà. N kò bi í."

"Ẹ ò bi í?"

"N kò bi í."

"Ah! Akọ̀wé!" Ohùn rẹ̀ yí padà. "Nọ́ńbà mọ́tò ẹlòmíràn lẹ lẹ̀ mọ́ mọ́tò rẹ̀! Látọjọ́ yìí!" Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó pa á rẹ́, kó kọ tirẹ̀. Ẹ̀yin náà, ọ̀la, ẹ óò wá sọ ohun tí ẹ sọ yìí níwájú ìgbìmọ̀."

Mo na ọwọ́ kí n bá a pa á rẹ́. Àǹtí fa fóònù náà sẹ́yìn.

"Fi í sílẹ̀. Ìwọ lo kọ ọ́. Èmi ni màá pa á."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìparí. Bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ṣe ń lọ ni fóònù ń pè é: a, a, r, a, s. Ó gùn ju bí mo ṣe rò lọ. Ó wá kù "olù" nìkan, ó dúró. "Èyí wúlò," ó wí. Ó tẹ ìyókù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fóònù kà á: "Olùkọ́ kéwú." Ó kún èyí tó kù láìbi mí ní nǹkan kan, ó sì fi ránṣẹ́. Nígbà tí fóònù sọ pé a ti rí fọ́ọ̀mù rẹ̀ gbà, ó dìde, ó ní oòrùn ń lọ, òun fẹ́ lọ se oúnjẹ ìṣínu.

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró níwájú ìgbìmọ̀, mo sọ ọ́. Ojú tì mí débi pé n kò rí ojú ẹnikẹ́ni wò. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, wọ́n pe àwọn tó fẹ́ iṣẹ́ náà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àǹtí ló pẹ́ jù nínú ilé. Alága ló kọ́kọ́ jáde, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ọrùn. "Akọ̀wé, àwa la ní ká bi í ní ìbéèrè," ó wí, "òun ló ń bi wá. Ó tún ìpè mi ṣe lẹ́ẹ̀mejì nínú sùúrà tí mò ń kà látìgbà èwe mi." Wọ́n gbà á. Alihamdulilahi, wọ́n gbà á.

Mo gbé fáìlì sàráà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó wà nínú rẹ̀, kí n bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹni àkọ́kọ́, bàbá kan tó ń fi igi rìn, ní kí n tún ìbéèrè náà bi òun. Ó wá ní òun ń tún aago ṣe. Ó ní òun ti ń tún un ṣe láti ìgbà tí Festac ṣì jẹ́ tuntun.

Nígbà tí Ramadan ń bọ̀, mo lọ bá Àǹtí ní kíláàsì rẹ̀, àwọn obìnrin jókòó yí i ká. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀, mo rọra bi í bóyá kí n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn tó ń gba ìrẹsì.

"Yọ ọ́," ó wí. "Kí o wá kọ ọ́ sínú ti àwọn olùkọ́ tó ń gba ìrẹsì."

"A kì í fún àwọn olùkọ́ ní ìrẹsì, Àǹtí."

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn."